Oníkajú Tó Ná Owó Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tó fi bítíkọ́ìnì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Owó ọ̀nà tó fi sí i kéré. Bítíkọ́ìnì náà kò dé lọ́jọ́ náà, kò dé lọ́jọ́ kejì, kò sì dé lọ́jọ́ kẹta.

Iṣẹ́ kajú ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ó ń ra èso kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ó ń kó o jọ sínú àká rẹ̀, ó sì ń tà á fún oníbàárà kan lókè òkun. Oníbàárà yìí kì í fi owó ránṣẹ́ gba báǹkì, nítorí ó máa ń pẹ́ jù. Bítíkọ́ìnì ló fi ń sanwó, owó tí ènìyàn kò lè fọwọ́ kàn, tó ń gba orí ẹ̀rọ ayélujára láti inú fóònù kan bọ́ sínú òmíràn. Oníkajú fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ti rí bí náírà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì gbà pé ohun tó fi pamọ́ sínú fóònù kò ní jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó mọ ọjà ná. Kì í san iye tí a bá kọ́kọ́ pè, ìbáà jẹ́ ti àpò kajú, ìbáà jẹ́ ti ata ọbẹ̀. Ó ná owó ilé tó ń gbé títí onílé fi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tọrọ ìyàwó, wọ́n ka iṣu méjìlélógójì fún un nínú ẹrù ìdána, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ọgbọ̀n wá. Wọ́n gbà fún un. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kò gbàgbé.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Á pe iye tó kéré jù tí ojú lè gbà, á yí ẹ̀yìn padà, á sì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé kò fẹ́ ọjà náà mọ́.

"Ìṣísẹ̀ kẹfà ni wọ́n máa ń pè mí padà," ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí wọn ò bá pè mí ní ìkẹfà, wọ́n á pè mí ní ìkẹwàá. Ṣá má bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi kún iye, òun ló fẹ́ ọjà jù."

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó ké, ó mu ọmú. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run kí ó tó dé, oníkajú kò sì mọ ohun tó ń ṣe mọ́ nígbà tí wọ́n gbé e fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Nǹkan bí aago mẹ́rin, nọ́ọ̀sì àgbà pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, kì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Bàbá Ìkókó, ẹ jókòó. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Kò bá ti ìyá rẹ̀ mu, tiyín ló gbé wá."

"Ṣé ó ń ṣe ọmọ ní nǹkan?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń bá yín sọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ń kan ti ìyá nígbà ìbí. Bí a kò bá tètè dí i, ara ìyá á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Bó bá ti kọ́ ọ, kì í gbàgbé mọ́. Oyún mìíràn á dé, ara rẹ̀ á sì dojú ìjà kọ ọmọ inú."

"Kí la fi ń dí i?"

"Abẹ́rẹ́ kan ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ó gún un fún ìbí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin ni. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ti parí nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ náà kò sí nílé ìwòsàn náà. Ó ṣọ̀wọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbà ti tẹ ibi márùn-ún láago kí ó tó rí ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ obìnrin apòògùn kan ní Ìbàdàn. Apòògùn náà kì í ta àwìn, ó ti jìyà rẹ̀ rí. Bí owó bá ti wọlé, á kó abẹ́rẹ́ náà sínú yìnyín, á gbé e fún awakọ̀. Ẹlòmíràn náà ń béèrè rẹ̀. Títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni òun lè bá wọn fi í pamọ́.

Oníkajú gbọ́ iye rẹ̀. "Ṣé wọn ò lè dín in kù díẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì àgbà wò ó títí. "Bàbá Ìkókó," ó ní, "wákàtí méjìléláàádọ́rin."

Ìgbà kajú ni, gbogbo náírà rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Owó ìbímọ ló gba ìyókù. Ohun tó kù kò ju bítíkọ́ìnì inú fóònù lọ. Kò já a láyà. Obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń ra kọ́ìnì lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń san náírà fún un. Ó pè é. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé bí kọ́ìnì bá ti balẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà á san náírà fún apòògùn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kún lónìí o," olùràkọ́ìnì sọ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ọ̀nà gidi sí i."

"Mo ti gbọ́, àbúrò."

Owó ọ̀nà ni ohun tí ènìyàn ń fi sórí kọ́ìnì fún àwọn tó ń bá a gbé e. Àwọn wọ̀nyí ń fi ẹ̀rọ ńláńlá ṣiṣẹ́ káàkiri ayé. Wọ́n ń kó ẹrù olúkúlùkù jọ sínú ìdì kan, wọ́n ń gbé ìdì náà lọ, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Fóònù oníkajú to iye mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀: ti ẹni tó ń kánjú, ti ẹni tí kò kánjú púpọ̀, ti ẹni tó lè dúró. Iye ti ẹni tó ń kánjú tó owó ọkọ̀ Ìbàdàn ní àlọ àti àbọ̀, lọ́nà mẹ́ta. Ojú rẹ̀ le. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó rí àyè tí ènìyàn ti lè kọ iye tirẹ̀.

Ó kọ èyí tó kéré jù tí fóònù gbà.

Fóònù sọ fún un pé ó lè pẹ́ gan-an. Oníkajú rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọlọ́jà wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Kò pẹ́ tí ó tún wò ó, ó rí i pé ó ń dúró, àti pé bọ́tìnnì kékeré kan ti yọ lábẹ́ rẹ̀: *Fi kún owó ọ̀nà*. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ìpè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà tó bá ti ń sọ pé kí o fi nǹkan díẹ̀ lé e, ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀, bí o bá sì lè rìn díẹ̀ sí i, á gbà. Ó ti fóònù sápò. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń ka ìṣísẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kọ́ìnì ṣì ń dúró. Olùràkọ́ìnì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kún un o.* Oníkajú kà á, ó sì pa fóònù dé. Lójú rẹ̀, ọlọ́jà kan ti di méjì.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìkókó lórí itan. "Abẹ́rẹ́ dà, ọmọ mi?"

"Ó wà lọ́nà, Màmá."

"Ọ̀nà wo?"

Oníkajú kọjá lára rẹ̀. Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ti sanwó rẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo ti fi ránṣẹ́."

"Ẹ ti fi ránṣẹ́, àbí ó ti dé?"

"Ohun tí a bá ti fi ránṣẹ́, ṣebí á dé."

Obìnrin náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ wà lórí itan ìyá rẹ̀. Nígbà tí oníkajú dìde, ó rí i pé ìka rẹ̀ ti ń wá fóònù nínú àpò kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án, ó lọ bá oníkajú ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kó yá òun ní náírà di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọkùnrin náà wà lórí ìjókòó níwájú àká tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìwọ?" ó ní. "Ìwọ tí owó rẹ ń fò lójú ọ̀run, kí lo fẹ́ fi náírà àwa ará ilẹ̀ ṣe?"

"Má fi mí ṣeré. Ìyàwó mi ló wà nílé ìwòsàn."

"Ọlọ́run á bá wa tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò mú mi, àpò mẹ́rìnlélógún ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o rà. O rántí iye tí o pè? O rántí pé o ò bojú wẹ̀yìn?" Ó ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "Owó mi wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bíi tìrẹ."

Kò lọ bá ẹlòmíràn mọ́. Bó ti ń ro orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rántí iye tó pè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà yẹn lọ ni àyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ń wo fóònù lórí alùpùpù, ó ń wò ó nídìí òṣùwọ̀n, ó ka àpò àgbẹ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iye náà sì jẹ́. Bó ti ń wo fóònù tó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń rí: *Ó ń dúró*. Ó ti kọjá ìṣísẹ̀ kẹfà, ó ti kọjá ìkẹwàá. Kò tíì sí ọjà kan rí tó jẹ́ kí òun rìn jìnnà báyìí láìpe òun.

Bọ́tìnnì náà ń bẹ níbẹ̀. Ó ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ iṣẹ́ ọlọ́jà tó ń fa aṣọ ẹni lẹ́yìn. Kàkà kó tẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ ẹnì kan. Kò sí ibi iṣẹ́ tí kò lọ́gàá. Kò sí ọ̀gá tí kò lójú àánú bí a bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù níbi tí àwọn oníkọ́ìnì ti ń sọ̀rọ̀: kọ́ìnì òun há sọ́nà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ta ló mọ ẹni tí òun lè bẹ̀? Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí ẹnì kan fi fèsì fún un ní ìkọ̀kọ̀.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa bá yín tì í kọjá.*

Oníkajú mí kanlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ méjì tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin náà béèrè kò ju ọ̀rọ̀ méjìlá lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ méjìlá náà ni kọ́kọ́rọ́ àpamọ́wọ́ orí fóònù oníkajú. Ẹni tó bá ní wọn lọ́wọ́ lè ṣí i láti ibikíbi, kó sì kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó so mọ́ ògiri àká. Ó yọ kàlẹ́ńdà náà, ó jókòó lórí àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n sínú fóònù. Ó tẹ ìkíní, ó tẹ ìkejì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ìkẹsàn-án.

Ìṣe ogún ọdún ló dá a dúró. Kò lè parí òwò kan láìbéèrè iye rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́: *Èló lo máa gbà lọ́wọ́ mi?*

*Ohunkóhun tí ọkàn yín bá sọ, ẹ̀gbọ́n mi.*

Oníkajú wo èsì náà. Ó ti ra kajú lọ́wọ́ arúgbó, lọ́wọ́ opó, lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Kò tíì pàdé ọlọ́jà kan tí kò fẹ́ mọ iye tó máa kàn án. Ẹni tí kò bá ọ ná ohun tó gbé sórí àtẹ, ohun mìíràn ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ.

Ó pa ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dojú fóònù dé orí itan, ó sì jókòó lórí àpò kajú náà fún ìgbà pípẹ́. Olè kò rí i mú. Ṣùgbọ́n kọ́ìnì rẹ̀ ṣì há síbi tó há sí, kò sì mọ ẹni tí yóò bẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, kò lọ sílé ìwòsàn. Kò lè wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ní aago méje, ó pe olùràkọ́ìnì. Kò pè é láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ pe ẹnì kejì, òun ló fẹ́ ọjà jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ ti fi kún un?"

"Àbúrò, ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ó yẹ kí wọ́n lọ́gàá."

"Wọn ò lọ́gàá."

"Kò sí ibi tí kò lọ́gàá."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí lọ́rì tó ń lọ Èkó bá dúró sẹ́nu àká yín, tí àpò tó wà nílẹ̀ sì ju èyí tó lè gbà, àpò ta lẹ kọ́kọ́ ń gbé?"

"Ti ẹni tó sanwó ẹrù jù."

"Ẹni tó san kékeré ńkọ́?"

"Á dúró de òmíràn."

"Bí òmíràn bá dé, tí àwọn tó sanwó jù ú lọ tún ti dé ńkọ́?"

Oníkajú rántí bàbá kan láti Àgọ́-Àrẹ, ẹni tó ná an lówó ẹrù gẹ́gẹ́ bí òun náà ṣe máa ń ná ènìyàn. Àpò méjì bàbá náà sùn sẹ́bàá ògiri, lọ́rì mẹ́ta sì kọjá lára rẹ̀. Òjò ló bà á jẹ́ níkẹyìn.

"Ṣé ẹ kórìíra olóhun ni?" obìnrin náà bi í.

"Rárá. Ta ló ń wo olóhun? Lọ́rì ló fẹ́ gbéra."

"Àwọn wọ̀nyẹn náà kò wo yín, ẹ̀gbọ́n. Lọ́rì wọn ń gbéra ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹrù yín ṣì wà lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tí ẹ lè bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá yín jà. Ẹ fi kún un."

"Wọn ò ní pè mí padà?"

"Ta ni yóò pè yín? Kò sẹ́ni nídìí àtẹ."

Agogo ti lé ní méje pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú. Oníkajú tẹ bọ́tìnnì tó ti wà lábẹ́ ìka rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iye tó yọ níbẹ̀ ju iye tó sá fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó gbà á. Lẹ́yìn náà, ó dúró láàárín àká rẹ̀, ó ń wo fóònù.

Ìdì kan gbéra. Kọ́ìnì rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, mẹ́rìnlá kọjá. Ìdì kejì gbéra ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Olùràkọ́ìnì pè é.

"Ó ti wọlé. Mo ń san fún apòògùn báyìí."

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, abẹ́rẹ́ náà ti wà nínú yìnyín lẹ́yìn ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn. Awakọ̀ pe oníkajú lórí fóònù, ó sọ iye tí òun máa gbà, iye tó pọ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún un bí oníkajú ṣe máa ń ná ọjà. Oníkajú la ẹnu. Ó pa á dé.

"Mo gbà," ó ní.

Ẹnu ya awakọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?"

"Ṣáà máa bọ̀."

Ọ̀nà Ìsẹ́yìn kò dára, wọ́n sì dá ọkọ̀ náà dúró níbi méjì. Oníkajú wà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn láti aago mọ́kànlá, ó ń wo òpópónà. Ó pe awakọ̀ nígbà mẹ́fà. Ní ìkeje, awakọ̀ kò gbé e mọ́. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà yà wọlé. Nọ́ọ̀sì àgbà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ló gún un fún ìyàwó oníkajú. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oníkajú kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀: iye tí wọ́n pè, iye tí òun kọ, bọ́tìnnì tí òun kò tẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti orí àga.

"O ná iṣu wa, a gbà fún ọ," ó ní. "Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, wọn kì í ṣe iṣu."

Ìwọ tí a ṣe àkàwé yìí fún, ọ̀rọ̀ kajú kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ bítíkọ́ìnì sì kọ́. O ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, nínú ilé tó ti tọ́ ọ dàgbà. Lọ́jọ́ kẹta, o fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: ẹ má bínú. Èyí tó kéré jù tí o lè kọ ni o kọ. O yí ẹ̀yìn padà, o ń rìn díẹ̀díẹ̀, o ń retí kí ó pè ọ́. Oṣù mẹ́jọ nìyí. O ń sọ fún gbogbo ayé pé o ti bẹ̀ ẹ́, pé òun ni ọkàn rẹ̀ le. O fi ránṣẹ́ ni; kò tíì dé. Ìwọ náà ti ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó bá ọ tì í kọjá, àwọn kan sì ti sọ pé àwọn á bá ọ sọ ọ́ láìgba nǹkan kan. Wo àwọn wọ̀nyẹn dáadáa kí o tó kó ọ̀rọ̀ inú rẹ lé wọn lọ́wọ́. Lọ fúnra rẹ. Lọ lójúmọmọ, kí àwọn ọmọ tó gbọ́ èébú náà lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ohun tí o fi dù ú lọ́jọ́ kẹta ni kí o gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì fi kún un. Ohun tí yóò ná ọ lónìí ju ti ọjọ́ kẹta lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fún oníkajú, nọ́ọ̀sì ka iye wákàtí tó ní. Kò sẹ́ni tó ka tìrẹ fún ọ.

Ìyàwó oníkajú tún lóyún ní ọdún kejì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, ara rẹ̀ kò sì bá ọmọ inú jà. Abẹ́rẹ́ tí wọn yóò gún un lẹ́yìn ìbí ti wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn náà. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni oníkajú san.